Òkúta nínú àpò òróòro: kí ni kí n máa jẹ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé?

Ìyá Fẹ́rànmí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 43 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó ti lé lọ́dún 2 báyìí tí ìrora kan ti ń mú mi lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, á máa le sí i ni, á gba ẹ̀yìn lọ yọ sí èjìká ọ̀tún. Mi ò ní lè jókòó, mi ò sì ní lè dùbúlẹ̀. Òru ló sábà máa ń dé, pàápàá lọ́jọ́ tí mo bá lọ sóde àríyá. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń sọ pé ọgbẹ́ inú ni. Oògùn ọgbẹ́ inú tí mo ti lò á kún báàgì. Oṣù tó kọjá ni dókítà obìnrin kan ní kí n lọ ṣe scan, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òkúta 3 nínú àpò òróòro mi. Mìlímítà 11 ni èyí tó tóbi jù nínú wọn.

Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Mò ń ṣa owó rẹ̀ jọ. Kí owó náà tó pé, kí ni mo lè máa jẹ tí ìrora yìí ò fi ní máa yọ mí lẹ́nu? Ṣé òótọ́ sì ni pé àgbo wà tó ń yọ́ òkúta? Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àńtí Nọ́ọ̀sì
Ìyá Fẹ́rànmí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ọdún 29 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọ́n ń tọ́jú fún ọgbẹ́ inú tó sì jẹ́ pé òkúta ló ń ṣe é, kò ṣàjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa mọ ohun tó yẹ kí ẹ jẹ. Ẹni tó bá ti pa adìyẹ rí mọ òróòro, àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, tí a kì í jẹ́ kó bẹ́, torí tó bá bẹ́ sí ẹran lára, ẹran ti korò nìyẹn. Àwa èèyàn náà ní i. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, àpò yẹn ló ń bá a tọ́jú rẹ̀, ó sì ń gbà tó mìlílítà 30 sí 50. Iṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe sí abọ́ ọlọ́ràá ni òróòro ń ṣe sí ọ̀rá inú oúnjẹ, ó ń tú u ká kí ara lè rí i lò. Bí ọ̀rá bá ti dé inú ìfun, ìfun á ránṣẹ́ sí àpò náà pé kó fún òróòro jáde. Àpò á sún kì. Bí òkúta bá wá lọ há sẹ́nu ọ̀nà, àpò á máa fún ara rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ìrora yín nìyẹn. Bí ọ̀rá tí ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan bá ṣe pọ̀ tó ni àpò náà á ṣe fún ara rẹ̀ tó. Ìdí rèé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn àríyá ló ń dé.

Kì í wá ṣe pé kí ẹ má fẹnu kan ọ̀rá rárá. Mo ti rí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ lásán ni wọ́n ń mu títí wọ́n fi gbẹ. Òróòro tí kò rí ẹni fún un jáde á dúró sójú kan, á máa ki, òkúta mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rá díẹ̀díẹ̀ tí ẹ pín sí oúnjẹ gbogbo ọjọ́ ló dára. Ẹ jẹun kékeré lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ dípò àwo ńlá ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ pẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: oúnjẹ ò lè yọ́ òkúta tó ti wà níbẹ̀. Ìrora ló lè jẹ́ kó rọlẹ̀. Oògùn ilé ìwòsàn kan wà tó ń jẹ́ ursodeoxycholic acid, ó lè yọ́ òkúta kéékèèké tó bá jẹ́ ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Oṣù 6 sí ọdún 2 ni wọ́n fi ń lò ó, ó sì tó ìdajì àwọn tí òkúta wọn yọ́ tán tí òkúta tún ń padà sí lára láàárín ọdún 5. Mìlímítà 11 ti tóbi díẹ̀ fún un, àmọ́ ẹ bi dókítà yín.

Ọmọ Jẹ́jẹ́
Ẹ ṣeun, Àńtí. Mo rí fídíò kan tí wọ́n ti ní kí èèyàn gbààwẹ̀, tó bá di alẹ́ kó mu òróró ólífì ife kan pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe é. Nígbà tó di àárọ̀, òkúta aláwọ̀ ewé rẹpẹtẹ ló bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Mo fojú ara mi rí i. Ìyá Fẹ́rànmí, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n là yín.

Àńtí Nọ́ọ̀sì
Àbúrò mi, mo gbà pé ohun tí o sọ lo rí. Òkúta kọ́ ni o. Ní 2005, àwọn dókítà kan kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet nípa obìnrin kan tó ṣe ohun kan náà, tó sì kó "òkúta" tirẹ̀ wá fún wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbé e sí ibi tó gbóná díẹ̀, ó yọ́ di òróró. Òróró ólífì àti omi ọsàn tó mu ló dì pọ̀ nínú ìfun bí ọṣẹ. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé epo àti omi eérú ló ń di ọṣẹ, nǹkan tó fara jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni òróró ife kan tí wọ́n dà mu lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó tún lè mú àpò fún ara rẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Òkúta kékeré lè bọ́ kúrò nínú àpò, kó lọ dí ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà, tàbí kó dé ibi tí ọ̀nà ti pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ, ti pàdé rẹ̀, tí ìyẹn á sì wú. Wíwú pancreas lè pa èèyàn. Ìyá Fẹ́rànmí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Ọmọ Ẹlẹ́wé Bodè
Ẹ káàárọ̀ o. Màmá mi ní ìsọ̀ ewé àti egbò ní ọjà Bodè, àtikékeré ni mo sì ti ń bá wọn jókòó níbẹ̀. Lálẹ́ àná ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí wọn létí. Wọ́n ní kí n sọ fún Ìyá Fẹ́rànmí pé àwọn ò mọ ewé kankan tó ń yọ́ òkúta inú òróòro, pé ẹni tó bá ní òun ní i lọ́wọ́, kí ẹ bi í pé ta ló ya àwòrán ikùn rẹ̀ lẹ́yìn tó lò ó tán.

Ewúro tí ẹ fọ̀ dáadáa, kí ẹ máa jẹ ẹ́ lọ́bẹ̀, kò burú. Ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní turmeric náà, díẹ̀ nínú ọbẹ̀ kò ṣe nǹkan, àmọ́ kí ẹ má máa sè é mu tàbí kí ẹ máa lo oníhóró rẹ̀ o, torí òun náà máa ń mú kí àpò òróòro sún kì. Ó lè dára fún ẹni tí kò ní òkúta. Ẹ̀yin ní tiyín. Egbò tí wọ́n rẹ sínú ọtí, kí ẹ má fẹnu kàn án.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyí. Bí ojú èèyàn bá pọ́n rúsúrúsú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi tíì, gbogbo wa á sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, a ó wá àgbo. Àbúrò màmá mi ọkùnrin mu àgbo yìí fún ọ̀sẹ̀ 3. Ìdí ìsọ̀ wa ló ti ń gbà á. Ara ń yún un, ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, a ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà náà. Àṣé òkúta ti dí ọ̀nà òróòro, òróòro ò dé inú ìgbẹ́ mọ́ tí ìgbẹ́ á fi ní àwọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń padà sí. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó ń gbọ̀n, la tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ 17 ló lò níbẹ̀. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ màmá mi ò gbàgbé.

Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá wá ra àgbo ojú pípọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ bi í bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Tó bá ti ní ó funfun, wọn kì í gbowó rẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti scan. Àwọn kan máa ń bínú lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíì.

Àńtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ bá mi kí màmá yín, ẹ ní mo ní kí Ọlọ́run bù kún wọn. Ohun tí ọmọ ẹlẹ́wé sọ yìí, kí gbogbo wa dì í mú: ojú tó pọ́n, ìtọ̀ dúdú, ìgbẹ́ funfun, ibà tó ń mú èèyàn gbọ̀n, ìrora tó kọjá wákàtí 5 tí kò lọ, èébì tí kò dúró. Èyíkéyìí tó bá yọjú nínú wọn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru.

Bàbá Àyọ̀mídé
Ẹ jọ̀wọ́, kí a má gbàgbé àwọn ọmọ SS. Ọmọ ọdún 14 ni ọmọ mi obìnrin nígbà tí wọ́n rí òkúta nínú tirẹ̀. Kò sanra, kò sì fẹ́ràn oúnjẹ ọlọ́ràá. Èmi àti ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń bá a wí pé ìpápánu tó ń rà ní ilé ìwé ló fà á, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí dòní. Dókítà ló là wá lóye. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS máa ń tètè fọ́, ohun tó ń jẹ́ bilirubin á wá pọ̀ jù nínú òróòro, á dì di òkúta dúdú. Kì í ṣe òkúta kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, oògùn tí Àńtí dárúkọ yẹn kì í yọ́ ọ. Ojú àwọn ọmọ SS sì máa ń pọ́n díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti mọ́ òbí lára. Tó bá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí inú ń run ún lápá ọ̀tún lókè, ẹ má rò pé ìrora egungun tó máa ń ní náà ló yà síbẹ̀ o. Ẹ ní kí wọ́n ṣe scan ikùn fún un.

Bọ̀dá Kúnlé, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́. Ààwẹ̀ àti ìfẹ́ láti fọn ni tèmi fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù 3, mo fi kílò 19 sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mò ń jẹun, inú mi ń dùn, àwọn èèyàn ń yìn mí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìrora fi gbé mi délẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bí èèyàn bá ń yára fọn, ẹ̀dọ̀ á máa da kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀ sínú òróòro, àpò tí kò sì rí oúnjẹ kì í fún ara rẹ̀, nǹkan méjèèjì ló ń bí òkúta. Ìdajì kílò sí kílò 1 lọ́sẹ̀ ló ní kí n máa fi sílẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù 7 ni mo fi wà lórí ìlà iṣẹ́ abẹ kó tó kàn mí. Óòtì láàárọ̀ pẹ̀lú mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, ẹ̀wà sísè, ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, ẹja. Ìgbà tí ìrora mú mi ní oṣù 7 yẹn kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ ó gbọ́ pé kọfí ń dáàbò bo àpò òróòro, òótọ́ sì ni pé ìwádìí ti rí i pé àwọn tó ń mu ún kì í sábà ní òkúta. Àmọ́ òun náà ń mú àpò sún kì, mi ò lè fara dà á nígbà tí òkúta ti wà.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, Ìyá Fẹ́rànmí, ẹ gbọ́ mi. Ihò kéékèèké 4 ni wọ́n lu síkùn mi, wọ́n fi kámẹ́rà wọ ibẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo padà sílé. Jámánì ni dókítà Erich Mühe ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1985, ó ti pẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ṣe oníhò nílé ìwòsàn tiyín. Tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń là lẹ ó ṣe, ó ń pẹ́ jinná ni, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni. Èèyàn lè gbé ayé láìsí àpò yẹn, torí ẹ̀dọ̀ ṣì ń ṣe òróòro, ojú ẹsẹ̀ ló kàn ń ṣàn lọ sínú ìfun. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa yàgbẹ́ gbuuru fún ọ̀sẹ̀ 2. Óòtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló bá mi dá a dúró.

Alhaja Rísì
Ẹ jọ̀wọ́, èmi náà ní òkúta o, ṣùgbọ́n kò dùn mí rí, wọ́n kàn bá a pàdé nígbà scan oyún ni. Ṣé kí n gba ààwẹ̀ Ràmàdánì?

Àńtí Nọ́ọ̀sì
Alhaja, èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó ní òkúta ni kò dùn rí, a kì í sì sábà yọ ti irú wọn. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá tí oyún bá ṣì wà nínú. Bó bá ní kò séwu, ẹ má fo sààrì. Dàbínù àti omi ni kí ẹ fi ṣínu, kí ẹ wá dúró díẹ̀ kí ẹ tó jẹun. Àkàrà gbígbóná àti mósà lórí ikùn tó ti ṣófo láti àárọ̀ kò dára fún yín.

Ìyá Alásè
Ẹ̀yin ti sọ ti dókítà, ó kù síbi ìkòkò. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọkọ mi lárùn yìí, ọdún 4 ni mo fi ń se oúnjẹ fún un kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ìyá Fẹ́rànmí, kò sí ohun tí ẹ máa pàdánù nínú oúnjẹ wa tí ẹ bá mọ bí ẹ ṣe máa sè é. Ẹ̀wà tó di àkàrà, òun náà ló di móínmóín. Ewé eéran ni kí ẹ fi pọ́n ọn, òróró ṣíbí 1 tó fún èyí tí gbogbo ilé máa jẹ, ẹja ni kí ẹ fi sí i, ẹ yọwọ́ nínú ẹran inú agolo. Ẹ̀gúsí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ó tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ òróró fúnra rẹ̀, a tún wá ń fi epo dín in. Ẹ má dín in mọ́. Ẹ fi omi po ṣíbí 2 tàbí 3, ẹ dà á sínú omi ata tó ń hó, ẹ má rò ó títí yóò fi dì, kí ẹ wá da gbúre àti ewúro lé e kó pọ̀ ju ẹ̀gúsí lọ. Irú, edé lílọ̀ àti páńla á fún un ládùn, ẹ ò ní rántí epo.

Ọbẹ̀ ata ńkọ́? Ẹ se ata títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kó má jẹ́ epo ni ẹ ó fi gbẹ ẹ́. Ṣíbí ìjẹun 1 fún ìkòkò tí èèyàn 4 máa jẹ. Ewédú ò ní epo kankan nínú, gbẹ̀gìrì kò sì nílò ju díẹ̀ lọ, nítorí náà àmàlà ò kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹran tí ọ̀rá bò, awọ adìyẹ, tòlótòló díndín, ẹ fi sílẹ̀. Epìyà àti ọ̀bọ̀kún, ẹ sè é tàbí kí ẹ yan án. Ẹ̀wà agánnyin àti ayamáṣe, n ò ní tàn yín, àwọn méjèèjì yẹn, epo ni wọ́n. Kò sí bí mo ṣe lè sè é láìsí epo tí màá ṣì máa pè é lórúkọ yẹn. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Bẹ́ ẹ bá dé òde àríyá, ẹ kọjá sẹ́yìn lọ́dọ̀ alásè, ẹ ní kó bu ìrẹsì funfun àti ẹja sọ́tọ̀ fún yín. A kì í bínú sí i. Èmi ti ń gbé ìkòkò kékeré kan kalẹ̀ níbikíbi tí mo bá ti ń dáná, torí àwọn tó ń wá bèèrè ti pọ̀.

Ìyá Fẹ́rànmí
Ọ̀sẹ̀ 3 ti kọjá tí mo kọ̀wé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọjọ́ 18 gbáko ni mo lò tí ohunkóhun ò dùn mí, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ kọkàndínlógún, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé ayamáṣe wá. Mo ní ṣíbí 3 péré ni màá jẹ. Mo jẹ àwo náà tán. Agogo 1 òru ni ìrora dé, ó tó wákàtí 2 kó tó lọ. Mo ti wá gbà pé kì í ṣe ohun tí mo lè máa fi oúnjẹ ṣọ́ títí ayé. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún mi. Oníhò ni. Ẹ fi mí sínú àdúrà.

Bọ̀dá Kúnlé, Lọ́ńdọ̀nù
Àdúrà ò ní tán lẹ́nu wa. Nǹkan kan: tí ẹ bá jí, èjìká lè máa ro yín fún ọjọ́ 1 tàbí 2. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ síkùn ló ń fà á, òkúta kọ́. Ẹ̀rù bà mí nígbà tèmi torí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, á lọ.

Ìyá Fẹ́rànmí
Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rèé. Ara ti ń yá. Ọpẹ́lọpẹ́ Bọ̀dá Kúnlé lórí ọ̀rọ̀ èjìká, ǹ bá pariwo mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n kó àwọn òkúta náà sínú ìgò kékeré fún mi, wọ́n rí rúsúrúsú, wọ́n sì le bí èkùrọ́. Mo jẹ móínmóín Ìyá Alásè lánàá, ó dúró dáadáa. Ìbéèrè kan ló kù: dòdò ń wù mí. Ìgbà wo?

Ìyá Alásè
Ẹ jẹ́ kó tó oṣù kan kí ẹ tó fi ègé 2 dán an wò. Kí ọjọ́ náà tó pé, bọ̀ọ̀lì ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni.

Ìyá Fẹ́rànmí
Mo ti rán Fẹ́rànmí lọ síta lọ rà á. Ó ń bi mí láti ẹnu ọ̀nà bóyá kí òun gba ẹ̀pà mọ́ ọn.

Àńtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀kúnwọ́ kan. Ọwọ́ Fẹ́rànmí o, kì í ṣe ọwọ́ bàbá rẹ̀.